Èjìká Òsì

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ní Kúbwà,
ọjọ́ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ tan èèyàn jẹ.
Mo ń kun lẹ́tà O sára ṣọ́ọ̀bù oníkẹ́míìsì,
mo ti yí i dé ìdajì
ni ọwọ́ mi bá ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀ láìbi mí.
Lẹ́tà yẹn wà níbẹ̀ dòní,
ẹnu tó là tí kò padé.

Wọ́n ní rọpárọsẹ̀ ni.
Ní Gwagwaládà ẹsẹ̀ kọ́kọ́ dáhùn,
ó ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn mi bí ọmọ tí kò fẹ́ relé ìwé.
Ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Ó sùn tì mí
bí àlejò tí kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.
Ará ilé dúpẹ́, pásítọ̀ dúpẹ́,
"Ìwọ náà dúpẹ́, o ò kú."
Ọpẹ́ yẹn há mi lọ́fun.

Ohun tí fọ́tò agbárí mi kò gbé jáde
ló wá jókòó sí mi láyà ní oṣù kẹta.
Ìbá ṣe ẹkún ni, ǹ bá ti sun ún tán.
Ó dà bí ọyẹ́ apá ibí yìí,
eruku funfun tó máa ń bo àpáta Zuma
títí èèyàn á fi bi ara rẹ̀ pé
ṣé àpáta kan tilẹ̀ wà níbẹ̀ rí?
Wúràọlá bu ògì sí mi lẹ́nu, mo yíjú sógiri.
"Ṣé ṣúgà ni kò tó?"
Ṣúgà tó.
Èmi ni ò tó.

Ni wọ́n bá ní kí n lọ rí Asabe.
Mo ní, "Wèrè kọ́ ló ń ṣe mí."
Ẹnu mi wọ́, "èrè" ló jáde.
Ó ní, "Èyí tó bá ṣe ọ́, jẹ́ ká jọ wò ó."
Ọmọ Gbagyi ni, Ìlọrin ló ti kàwé,
Yorùbá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ kọ díẹ̀, bíi tèmi.
Kò wàásù.
Ó fa àga rẹ̀ wá sápá òsì, apá tó ṣì ń gbọ́ràn sí mi lẹ́nu,
ó dákẹ́,
ó dákẹ́ títí iná fi lọ tí fáànù fi dúró.
Lẹ́yìn náà: "Kí lo pàdánù?"

Oṣù mẹ́rin! Ẹnì kan ò bi mí bẹ́ẹ̀ rí.
"Ṣé ara ti ń le?" Ara ni gbogbo wọn ń kí,
wọn ò kí ẹni tó ń gbénú ara.
Mo ní, "Lẹ́tà O."
Ó kọ ọ́ sílẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́rú kẹfà ló tó sọ pé,
"Nílé wa, a kì í ru ẹrù lórí.
Ìyá mi gbé igi ìdáná láti oko dé Bwari,
èjìká ló fi gbé e.
Wọ́n ní orí níyì ju ohun tí ìnira ń jókòó lé lọ.
Ẹ̀yin pe èyí tó ń ṣe ọ́ ní ìsoríkọ́.
Ta ló gbé orí kọ́? Kí lo rù lé e?"
Ó na ìka sí èjìká òsì mi.
"Èyí ńkọ́?"

Mi ò ní purọ́. Òru mìíràn wà
tí ọyẹ́ yẹn ṣì ń wọlé láìkanlẹ̀kùn,
tí Wúràọlá á kàn di ẹsẹ̀ mi mú nínú òkùnkùn,
tí a ò ní sọ nǹkan kan.

Ṣùgbọ́n lánàá mo fọwọ́ òsì mú búrọ́ọ̀ṣì.
O tí mo kọ dà bí ẹyin tí àgùntàn tẹ̀.
Wúràọlá fẹ́ nù ún kúrò lára ògiri,
mo ní kó fi í sílẹ̀.

Oníkẹ́míìsì ti ránṣẹ́:
ṣé kí òun wá ẹlòmíràn tí yóò parí pátákó náà?
Mo ní kó mú sùúrù
di Ọjọ́rú.